Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́? Ìtàn Ètò Ìtàkùrọ̀sọ Orí Kọ̀ǹpútà àti Àkáǹtì Tí A Fi Ń Wọlé

Lónìí mo fẹ́ kí a jọ yẹ ohun kan wò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ọwọ́ ara wa ṣe rí láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun náà ni fífi àkáǹtì ìtàkùrọ̀sọ sínú ètò tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni, kí a lè máa bá ẹni tí ó wà lókèèrè sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ẹ ó kọ orúkọ, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ ó tẹ bọ́tìnì kan, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ yín yóò sì tò sílẹ̀ lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó ti lé ní ogún ọdún ni ó wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún náà: ìtàn ìjà, ìtàn àdéhùn, àti ìtàn ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí tí wọ́n sì tún tì.

Ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ fi yé wa nínú àròkọ yìí. Ètò tí a ń lò yàtọ̀ sí àkáǹtì tí a fi ń wọlé. Ètò wà nínú kọ̀ǹpútà yín, àkáǹtì wà ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ láti ọdún mẹ́wàá fi lè pòórá ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àrokò àti ìlànà

Kí a tó dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ilé. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé a gbọ́ «fà» nínú ẹẹ́fà. Bí owó ẹyọ náà bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra, nítorí pé a gbọ́ «jọ» nínú ẹẹ́jọ. Owó ẹyọ kò lẹ́nu. Àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó dì í àti ẹni tí ó tú u ni ó fún un lẹ́nu. Àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá lè kà á dáadáa pé mẹ́fà ni, kí ó má sì mọ ohun tí wọ́n sọ rárá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ètò méjì kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá ní àdéhùn kan náà nípa bí a ṣe ń kí ara ẹni, bí a ṣe ń fi orúkọ ẹni hàn, bí a ṣe ń sọ pé a wà nítòsí tàbí pé a ti jáde. Àdéhùn yìí ni mo ń pè ní ìlànà. Òun ni ẹ máa rí tí wọ́n kọ ní protocol nínú àwọn ètò náà. Àwọn ìlànà kan wà tí wọ́n kọ síta fún gbogbo ayé láti kà. Àwọn mìíràn wà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo fi pamọ́ bí awo. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìtàn wa wà.

Ìbẹ̀rẹ̀: láti inú yunifásítì sí inú ilé

Ìtàkùrọ̀sọ lórí kọ̀ǹpútà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1973, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Doug Brown àti David Woolley ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Talkomatic lórí kọ̀ǹpútà ìkọ́ni tí ó ń jẹ́ PLATO. Ènìyàn márùn-ún lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ń hàn sí gbogbo wọn bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1988, Jarkko Oikarinen ní Yunifásítì Oulu ní Fínlándì gbé IRC jáde, èyí tí àwọn kan ṣì ń lò títí di òní. Àwọn tí ó wà nínú yunifásítì àti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ̀nyí wà fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ará ilé kò tíì mọ̀ wọ́n.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ni ayé yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ní Ísírẹ́lì, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Mirabilis, gbé ICQ jáde. Yossi Vardi, bàbá ọ̀kan nínú wọn, ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè: bí a bá pe lẹ́tà mẹ́ta náà tẹ̀lé ara wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò dún bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé «mò ń wá ọ». Eré ohùn kan náà tí àwọn baba wa fi ẹẹ́fà ṣe nìyẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá àwọn ènìyàn mọ̀ lórí ICQ, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì kúrú ni a mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ńlá-ńlá dìde. Ilé-iṣẹ́ AOL ní Amẹ́ríkà gbé AIM jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1998, AOL ra Mirabilis ní dọ́là mílíọ̀nù 287, pẹ̀lú ìlérí mílíọ̀nù 120 mìíràn bí iṣẹ́ náà bá yọrí sí rere. Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, Yahoo gbé Yahoo Pager jáde, èyí tí ó di Yahoo Messenger ní ọdún 1999. Ní oṣù Keje ọdún 1999 kan náà, Microsoft gbé MSN Messenger tirẹ̀ jáde.

Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lórí AIM, tí òmíràn wà lórí ICQ, tí àbúrò rẹ̀ wà lórí Yahoo, ètò mẹ́ta ni yóò máa ṣí pọ̀, orúkọ mẹ́ta àti ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́ta ni yóò sì máa há sórí.

Ìjà ọdún 1999

Nígbà tí MSN Messenger jáde, ó mú ìyàlẹ́nu kan lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní àkáǹtì AIM lè kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà AIM rẹ̀ sínú ètò Microsoft, kí ó sì máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí AIM sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Microsoft kò gba àṣẹ lọ́wọ́ AOL. Ó kàn kọ́ ìlànà AIM ni, ó sì ń ṣe bí ọmọ onílé.

AOL ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láìpẹ́. Microsoft yí ètò rẹ̀ padà, ó tún wọlé. AOL tún tì í. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀. Níkẹyìn AOL ta ọgbọ́n kan. Àbùkù kan wà nínú ètò AIM gan-an, AOL sì mọ̀ ọ́n. Sáfà AOL wá ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ètò tí ó bá ní àbùkù yẹn nìkan ni ó lè dá a lóhùn bí wọ́n ti fẹ́. Ètò tí kò bá dáhùn bẹ́ẹ̀, àjèjì ni. Ó dà bí ìgbà tí onílé bá ní kí àlejò tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Yorùbá sọ pé «gbàgbà» kí òun gbọ́: bí ahọ́n bá kọ̀ láti pe gb, àṣírí ti tú. Microsoft fi ìjà náà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ìjà yìí kọ́ wa ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń dènà ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ lè sọ̀rọ̀ pọ̀; ó ti sọ ọ́. Ẹni tí ó ni ìlànà ni kò fẹ́.

Pidgin: ètò tí ó gbọ́ èdè púpọ̀

Ní àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń jà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń kọ ètò tiwọn. Ní ọdún 1998, Mark Spencer, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama, kọ ètò kan tí a fi lè wọ AIM láti orí Linux. Gaim ni ó ń jẹ́. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn fi kọ́ ọ ní ìlànà ICQ, ti Yahoo, ti MSN àti ti IRC. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ní àkáǹtì mẹ́rin lè kó gbogbo wọn sínú fèrèsé kan.

AOL kò fẹ́ràn orúkọ náà nítorí pé AIM wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn ọlọ́dún púpọ̀, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, Gaim sì di Pidgin.

Orúkọ tuntun yìí yẹ kí ó dá àwa onímọ̀ èdè dúró díẹ̀. Pidgin ni a ń pe èdè tí àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ èdè ara wọn dá sílẹ̀ láti fi ṣòwò. Wọ́n á mú díẹ̀ níhìn-ín, wọ́n á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí yóò fi di ohun tí gbogbo ọjà gbọ́. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ètò náà kò ṣe ohun tí èdè pidgin ń ṣe. Ètò náà kò dá èdè kan sílẹ̀. Èdè gbogbo wọn ni ó gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìyálọ́jà tí ó ń fi Haúsá dá Haúsá lóhùn tí ó sì ń fi Ìgbò dá Ìgbò lóhùn. Bí ìyálọ́jà náà bá kúrò níbẹ̀, Haúsá àti Ìgbò kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ọ̀rẹ́ yín tí ó wà lórí Yahoo kò lè bá ọ̀rẹ́ yín tí ó wà lórí AIM sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà nínú fèrèsé Pidgin yín. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbọ́ èdè méjèèjì.

Jabber: àdéhùn gbogbogbòò

Ẹni tí ó ronú dé ibi èdè kan ṣoṣo ni Jeremie Miller, ọmọ ìpínlẹ̀ Iowa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999 ni ó kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní Jabber. Ìrònú rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí ó ń lo ímeèlì ní ilé-iṣẹ́ kan lè kọ̀wé sí ẹni tí ó ń lò ó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kí ló dé tí ìtàkùrọ̀sọ kò fi rí bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, àkáǹtì Jabber dà bí ímeèlì: orúkọ, àmì @, àti orúkọ sáfà. Bí mo bá ní ade@example.org, sáfà tí ó ń jẹ́ example.org ni ó ń tọ́jú àkáǹtì mi, ṣùgbọ́n mo lè bá ẹnikẹ́ni tí ó wà lórí sáfà mìíràn sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn sáfà náà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé ìwé lè dá sáfà tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, gbogbo wọn lè dá tiwọn sílẹ̀. Kò sí baálé kan ṣoṣo tí ó lè lé gbogbo ayé jáde.

Àjọ tí ó ń rí sí ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, IETF, gba ìlànà yìí wọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ní orúkọ XMPP. Ohun kan wà nínú ìwé ìlànà náà tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ó sọ ọ́ di dandan pé UTF-8 ni a gbọ́dọ̀ fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀, èyí tí ó ní ààyè fún lẹ́tà gbogbo èdè. Èyí mú wa dé ilé.

Nàìjíríà, Yahoo Messenger, àti àmì ohùn

Nínú gbogbo àwọn ètò tí mo dárúkọ, Yahoo Messenger ni ó gbajúmọ̀ jù láàárín wa. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, inú sáíbà kafé ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń pàdé íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì Yahoo sì ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ní. Àkáǹtì ímeèlì kan náà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn Messenger. Àwọn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ a máa ra òru mọ́jú, nítorí pé owó rẹ̀ kéré sí ti ọ̀sán. Láti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń bá ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní London tàbí Houston sọ̀rọ̀, láìsan owó tẹlifóònù òkèèrè. Àwọn oníjìbìtì náà rí ọ̀nà yìí, wọ́n sì lò ó débi pé orúkọ Yahoo di orúkọ jìbìtì ní ẹnu wa títí di òní. Ọ̀rọ̀ ìgbà náà pọ̀ ju ti oníjìbìtì lọ o. Ìfẹ́, ìgbéyàwó, owó ilé ìwé, ìròyìn ikú àti ìkómọjáde gba ibẹ̀ kọjá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá níbẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn kò fi àmì sí i. Kíbọọ̀dù tí ó wà ní kafé kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Àkójọ lẹ́tà Latin-1 tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà gbára lé kò sì ní wọn pẹ̀lú. Ẹ wò ó bí ìyàwó bá kọ ọ́ pé «oko mi ti de». Ṣé ọkọ rẹ̀ ni ó dé? Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n rà láti òkè òkun ni? Ṣé ọkọ́ tí wọn yóò fi kọ ebè ni? Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ ilé náà yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò kà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kò ní mọ̀ ọ́n.

UTF-8 ní ojútùú, ṣùgbọ́n ojútùú náà ní ìdí abájọ tirẹ̀. Ẹ ní ààyè kan nínú rẹ̀, ọ náà ní, ṣ náà ní. Bí a bá wá fi àmì ohùn òkè sórí ẹ, kò sí ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́. Àmì náà yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀ tí a so mọ́ lẹ́tà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn méjì kọ ẹ́ kan náà ní ọ̀nà méjì, kí ojú wa rí i bákan náà, kí kọ̀ǹpútà sì rí i bí ohun méjì. Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀ tí kò rí i, ó lè jẹ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, Google gbé Google Talk jáde. Ohun tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni pé ìlànà XMPP ni ó lò. Ẹnikẹ́ni tí ó ní Gmail lè ṣí Gaim, kí ó kọ gmail.com sí ibi orúkọ sáfà, kí ó kọ talk.google.com sí ibi ìsopọ̀, ó parí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, Google ṣí ilẹ̀kùn kejì: sáfà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn sáfà mìíràn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, Facebook náà gbà kí àwọn ètò XMPP wọ ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà kí sáfà mìíràn bá tirẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó dà bí ẹni pé ìrònú Jeremie Miller ti ṣẹ. Kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Google kéde Hangouts, èyí tí kò ní ìlànà gbogbogbòò mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn tí ó ń tọ́jú sáfà XMPP káàkiri ayé pinnu pé àwọn kò ní bá sáfà tí kò bá fi ọ̀rọ̀ ṣe àṣírí láàárín sáfà sí sáfà sọ̀rọ̀ mọ́. Sáfà Google kò ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn sì tì. Facebook ti tirẹ̀ ní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọ̀nà ìkẹyìn tí Pidgin fi ń wọ Google Talk dí.

Kí a má ṣe ojúsàájú, ìdí wà tí ó ju ìmọtara-ẹni-nìkan lọ. Fóònù alágbèéká ti gba ipò kọ̀ǹpútà orí tábìlì. XMPP ìgbà náà fẹ́ kí ìsopọ̀ má já, fóònù sì ń já, bátìrì rẹ̀ sì ń tán. Àwọn ènìyàn fẹ́ fi àwòrán àti ohùn ránṣẹ́, ó sì yá ilé-iṣẹ́ kan lára láti yí ìlànà tirẹ̀ padà ju kí ó dúró de ìpàdé gbogbo ayé lọ. WhatsApp tí ó jáde ní ọdún 2009 mú ìlànà XMPP, ó gé e kúrú kí ó lè bá fóònù mu, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Inú èdè gbogbogbòò ni ó ti jáde, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di ẹnà tí òun nìkan gbọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é lónìí

XMPP kò kú. Àwọn sáfà rẹ̀ ṣì wà káàkiri ayé, Pidgin àti Gajim sì ṣì wà fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìtàn yìí, ọ̀nà tí yóò gbà nínú Pidgin nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ gba àkáǹtì lórí sáfà XMPP kan tí ó ń gba àlejò. Ẹ ka ohun tí sáfà náà sọ nípa bí ó ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kí ẹ tó yàn án.
2. Ẹ ṣí Pidgin. Fèrèsé Accounts ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ tẹ Add.
3. Ní ibi Protocol, ẹ yan XMPP. Ìlànà ni ẹ ń yàn yẹn, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.
4. Ní ibi Username, ẹ kọ ohun tí ó ṣáájú àmì @. Ní ibi Domain, ẹ kọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ẹ má fi àmì ohùn sínú orúkọ àkáǹtì, nítorí pé sáfà mìíràn kì í gbà á.
5. Resource ni orúkọ tí ẹ fi dá kọ̀ǹpútà yìí mọ̀, bíi ile tàbí ofiisi, kí ẹ lè wọlé láti ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.
6. Ní ibi Local alias, ẹ lè kọ orúkọ yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, bí yóò ṣe máa hàn lójú fèrèsé tiyín.
7. Ní abẹ́ Advanced, ẹ rí i dájú pé wọ́n sọ ìfọ̀rọ̀ṣàṣírí di dandan, pé nọ́ńbà ìsopọ̀ náà sì jẹ́ 5222.
8. Bí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ń lò, ẹ má ní kí ó rántí ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Inú fáìlì lásán ni Pidgin ń kọ ọ́ sí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí fáìlì náà yóò kà á.

Ẹ wo ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i. Pidgin ń béèrè ìlànà lọ́tọ̀, ó ń béèrè sáfà lọ́tọ̀, ó sì ń béèrè orúkọ lọ́tọ̀. Ètò fóònù òde òní kì í béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ti dáhùn gbogbo rẹ̀ fún wa. Ó rọrùn lóòótọ́. Ìrọ̀rùn náà ni kò jẹ́ kí a rí i pé ìdáhùn mìíràn wà.

Ọ̀rọ̀ wo ni yóò kù?

Níbo ni àwọn ètò ńlá wọ̀nyí wà? MSN Messenger kógbá sílé ní ọdún 2013, àfi ní Ṣáínà tí ó dúró di ọdún 2014. AIM parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Yahoo Messenger parí ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2018. ICQ, tí ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà láti ọdún 2010, parí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Skype tí ó gba àwọn ará MSN sílé, òun náà parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Nígbà tí Yahoo fẹ́ ti Messenger, ó fún àwọn ènìyàn ní oṣù díẹ̀ láti wá kó àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ìkéde, ẹni tí ó ti kú, ta ni yóò bá wọn kó tiwọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ èdè àti ìtàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́tà àti ìròyìn tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ìjọ CMS ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún wà ní Yunifásítì Birmingham di òní. Ìwé Herbert Macaulay wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ bí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe ń kọ èdè wọn, bí wọ́n ṣe ń bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Yorùbá tí àwọn ọ̀dọ́ kọ nínú kafé ní ọdún 2003, tí kò ní àmì, tí ó lú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kún fún àwàdà, òun náà jẹ́ ẹ̀rí fún onímọ̀ èdè. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, lójú ẹsẹ̀, láìsí olùkọ́ tí ń fi gègé pupa sàmì sí i. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ.

Ibí yìí ni ètò orí tábìlì ti yàtọ̀. Pidgin a máa kọ ọ̀rọ̀ yín sínú kọ̀ǹpútà yín gan-an. Nínú fódà tí ó ń jẹ́ .purple, ẹ ó rí fódà logs. Ìlànà kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tí ó fi Pidgin wọ Yahoo ní ọdún 2008, tí ó sì tọ́jú fódà yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí Yahoo ti ti ilẹ̀kùn. Àkáǹtì kú, ọ̀rọ̀ kò kú.

Ní ọdún 2022, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan tí ó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtàkùrọ̀sọ tí ó tóbi jù ṣí ilẹ̀kùn wọn fún àwọn mìíràn, WhatsApp sì wà nínú àwọn tí òfin náà mú ní ọdún 2023. Ohun tí AOL kọ̀ fún Microsoft ní ọdún 1999 ni ìjọba wá ń fi òfin béèrè báyìí. Yúróòpù nìkan ni òfin náà dé.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní àjà tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tàn án wò kí ẹ tó tà á fún àwọn tí ń ra irin. Ẹ wá fódà yẹn. Ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ lè jẹ́ àwàdà àti ìkíni lásán, «e kaaro» àti «se alafia ni», láìsí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ sọ ọ́ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù.